Ìjàpá tó ń kú sójú ọ̀nà: ṣé pọ́ǹpù ni, àbí kọ́ìlì, àbí tánkì?

Ọmọ_Ìjàpá76 · Ajé, 7:05 àárọ̀

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ọlọ́kọ̀ àtijọ́. Ẹ gbà mí.

Bàbá mi ló fi ọkọ̀ Ìjàpá (Volkswagen Beetle) 1500 kan sílẹ̀ fún mi, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n tò ní Ọ̀jọ́, l'Ékòó, ní 1976. Láti ìgbà tí bàbá ti dágbére fáyé ló ti wà lábẹ́ ọgbà. Ọdún tó kọjá ni mo jí i dìde. Ara rẹ̀ le, iná rẹ̀ ń tàn, bíréèkì rẹ̀ ń mú. Àmọ́ tí mo bá gbé e jáde l'Abẹ́òkúta, tí mo dorí kọ Ìbàdàn, tí mo bá ti kọjá Ọ̀dẹ́da díẹ̀ báyìí, á bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn. Màá tẹ iná ẹsẹ̀ tó ń mú ọkọ̀ sáré, kò ní dáhùn. Á máa jó bí ẹni tí ìjàlọ wọ̀ lẹ́wù, á sì kú. Tí mo bá jókòó tì í fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 15, tí mo tún yí kọ́kọ́rọ́, á jí bíi pé nǹkankan ò ṣe é rí. Kí n tó dé Ọmí-Adíò á tún kú. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ̀ẹ̀mẹrin ló kú kí n tó rí Apáta.

Mẹkáníìkì mi ti pààrọ̀ pọ́ǹpù epo, ó ti tú káburétọ̀, ibi tí epo àti afẹ́fẹ́ ti ń pò pọ̀, fọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó ti fi fíltà tuntun. Owó ń lọ, àìsàn ò lọ. Ó tún wá ní kí n ra pọ́ǹpù mìíràn. Kí n tó tún tọwọ́ bàpò, mo ní kí n bi yín: ta ló ti rí irú èyí rí?

Wọlé_Spare · Ajé, 7:40 àárọ̀

Pọ́ǹpù ni. Àwọn tuntun tí wọ́n ń tà fún wa báyìí, ayédèrú ló pọ̀ jù. Mo ti pààrọ̀ mẹ́ta láàárín ọdún kan. Lọ sí Ládípọ̀, tòkunbọ̀ ni kó o rà, má ra tuntun. Ó parí.

Bàbá_Káburétọ̀ · Ajé, 9:15 àárọ̀

Wọlé, ó parí kẹ̀? Kò tíì bẹ̀rẹ̀. O ò tíì fojú kan ọkọ̀, o ti ń kọ oògùn fún un.

Ọmọ mi, kí ọkọ̀ bàbá rẹ tó jáde ni mo ti ń kọ́ṣẹ́ lábẹ́ Ìjàpá ní Mọ́kọ́lá. Kí n tó gbà pé epo ni kò dé, mo gbọ́dọ̀ fojú mi rí i. Ohun tí wàá ṣe nìyí, kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ. Jẹ́ kó kú bó ṣe máa ń kú. Má tún gbìyànjú láti jí i o, fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀. Sọ̀ kalẹ̀ kíá, ṣí ẹ̀yìn, yọ fíltà afẹ́fẹ́ kúrò lórí káburétọ̀, kó o wo inú ihò rẹ̀ látòkè. Páìpù idẹ tín-ín-rín kan wà níbẹ̀ tó tẹ orí wá sísàlẹ̀ sínú ihò náà. Apá irin tí wáyà iná ẹsẹ̀ so mọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ káburétọ̀, fi ọwọ́ fà á dé òpin lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Tí páìpù yẹn bá tu epo, tó jáde ṣòò bí ìtọ̀ ọmọ ọkùnrin jòjòló, epo wà nínú káburétọ̀. Àìsàn rẹ kì í ṣe ti epo nìyẹn, rewayà ni kó o lọ bá. Tí kò bá tu nǹkankan, tó gbẹ táútáú, káburétọ̀ ti ṣófo. Ìgbà yẹn la tó lè máa bi ara wa pé ibo ló há sí.

Ọ̀nà epo Ìjàpá gùn ju bí èèyàn ṣe rò lọ, torí iwájú ni tánkì wà, ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnì wà. Láti ìdí tánkì, epo á gba inú rọ́bà kan, á bọ́ sínú páìpù irin tó gba abẹ́ òkè tó wà láàárín ìjókòó méjèèjì, á yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí jíà, á tún bọ́ sínú rọ́bà mìíràn, kó tó dé ọ̀dọ̀ pọ́ǹpù lẹ́gbẹ̀ẹ́ dìsìtìríbútọ̀ tó ń pín iná fún ẹ́ńjìnì. Pọ́ǹpù ló máa wá tì í gòkè lọ sí káburétọ̀. Nínú gbogbo ìrìn yìí, ibi kan péré ni pọ́ǹpù. Kí ló dé tó jẹ́ òun nìkan ni gbogbo yín ń nà?

Kí ẹnikẹ́ni má mu sìgá nítòsí o.

Rewayà_Òṣogbo · Ajé, 10:02 àárọ̀

Bàbá, ẹ kú iṣẹ́. Àmọ́ mi ò ní jẹ́ kí wọ́n gbé ẹjọ́ yìí kọjá kọ́ìlì, ohun tó ń sọ iná bátìrì di èyí tó lágbára, láìbi í léèrè. Kó ṣiṣẹ́ ogún ìṣẹ́jú, kó kú, kó tutù, kó tún jí: ìwà kọ́ìlì nìyẹn gan-an. Wáyà inú rẹ̀ tó ti fẹ́ já, tó bá gbóná á là síra, tó bá tutù á tún fọwọ́ kanra. Kọ̀ǹdẹ́ńsà tó kéré bí ìka ọmọdé yẹn náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Oníbàárà mi kan ra pọ́ǹpù mẹ́rin kó tó wá sọ́dọ̀ mi. Kọ́ìlì ni mo pààrọ̀ fún un.

Ẹ̀gbọ́n, tó bá kú, fa wáyà àárín dìsìtìríbútọ̀ yọ, fi pílásì onírọ́bà gbá a mú, gbé ẹnu rẹ̀ sún mọ́ irin ẹ́ńjìnì, kí ẹnìkan yí kọ́kọ́rọ́. Ibi tí epo ò ti kán sílẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti ṣe é o. Tó bá ta iná aláwọ̀ búlúù tó dún pá, mo gbà. Tó bá pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ tàbí tí kò ta rárá, ẹ wá mi wá.

Sọlá_Peckham · Ajé, 1:30 ọ̀sán

Ẹ kú ọ̀sán láti Lọ́ńdọ̀nù. Tèmi jẹ́ ti 1968, 1500 bíi tiyín. Rọ́bà ni kẹ́ ẹ yẹ̀ wò, pàápàá èyí tó wà lókè àpótí jíà tí ẹnikẹ́ni kì í rí. Aṣọ ni wọ́n hun bo rọ́bà àtijọ́ lára, nítorí náà òde rẹ̀ á dára, inú rẹ̀ á ti kú. Nígbà tí mo tẹ tèmi wò, ó sán wẹ́wẹ́ bí gìgísẹ̀ lásìkò ọyẹ́.

Oṣù kẹsàn-án 2021 ni wọ́n sọ E10 di epo tí gbogbo ilé epo ń tà níbí, ìyẹn epo tí ọtí ẹ̀tánọ́ọ̀lù inú rẹ̀ lè tó ìdá 10 nínú 100. Rọ́bà ayé ìgbà yẹn kì í fara da ọtí. Ẹ̀yin náà lóhùn-ún, ẹ rántí ìbẹ̀rẹ̀ 2022 tí epo tó ní mẹ́tánọ́ọ̀lù ju bó ṣe yẹ lọ wọ ìlú. Ọkọ̀ tó bá mu ún, rọ́bà rẹ̀ àti awọ inú pọ́ǹpù rẹ̀ ti jẹ nínú ìyà yẹn.

Ohun tó ń tan àwọn èèyàn jẹ ni pé láti tánkì dé pọ́ǹpù, fífà ni pọ́ǹpù ń fà. Rọ́bà tó bá là níbẹ̀ kì í jo síta, afẹ́fẹ́ ló ń gbà wọlé, pọ́ǹpù á wá máa mu afẹ́fẹ́ dípò epo. Ẹ ra rọ́bà tí wọ́n kọ R9 sí lára, tó lè fara da ọtí. Ó sì tún lè jẹ́ pé epo ń hó nínú páìpù nítorí ooru yín.

Bàbá_Káburétọ̀ · Ajé, 2:10 ọ̀sán

Sọlá, ọmọ mi, o káre. Àmọ́ má sọ pé kì í jo síta. Tánkì ga ju ibẹ̀ yẹn lọ. Tí ẹ́ńjìnì bá ń ṣiṣẹ́, lóòótọ́ ni, afẹ́fẹ́ ló ń wọlé. Tí ọkọ̀ bá sùn mọ́jú, epo á kán. Kí ọmọ náà tẹ́ páálí sábẹ́ àpótí jíà lálẹ́ òní, kó wò ó láàárọ̀.

Ní ti epo tó ń hó, ó wà lóòótọ́, àmọ́ àwọn èèyàn ti sọ ọ́ di ẹrù tí wọ́n ń di lé gbogbo ọkọ̀ lórí. Ìdánwò rẹ̀ rọrùn. Tó bá kú, da omi tútù sí àkísà, fi wé pọ́ǹpù àti páìpù tó gòkè láti ibẹ̀. Tó bá jí láàárín ìṣẹ́jú méjì dípò 15, ooru ni.

Wọlé_Spare · Ajé, 2:25 ọ̀sán

Bùọ̀dá mi kan máa ń fi ohun tí wọ́n fi ń há aṣọ sórí okùn há páìpù epo tiẹ̀ lára. Ó ní ó ń fa ooru kúrò.

Bàbá_Káburétọ̀ · Ajé, 2:31 ọ̀sán

Kí ó fi há aṣọ.

Ìyá_504 · Ajé, 8:50 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o. Mi ò ní Ìjàpá, Peugeot 504 oníbọ̀ọ̀tù gígùn ni tèmi, ti Kàdúná. Àmọ́ irú àìsàn yìí gan-an ló fìyà jẹ mí fún oṣù mẹ́ta, ìdérí tánkì sì ni. Ẹni tó bá mi ra ìdérí tuntun ra èyí tí kò ní ihò afẹ́fẹ́. Bí epo ṣe ń dín kù nínú tánkì, tí afẹ́fẹ́ ò rọ́nà wọlé rọ́pò rẹ̀, tánkì á bẹ̀rẹ̀ sí í fa epo padà mọ́ra. Pọ́ǹpù ń fà, tánkì ń fà, pọ́ǹpù ló sì máa ń pàdánù. Tẹ́ ẹ bá dúró díẹ̀, afẹ́fẹ́ á rápálá wọlé, ọkọ̀ á jí.

Tó bá kú, ẹ kọ́kọ́ ṣí ìdérí tánkì. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ "fíìì" bí ìgbà tí wọ́n ṣí mínírà, ẹ ti mú olè nìyẹn.

Ọmọ_Ìjàpá76 · Ìṣẹ́gun, 6:20 ìrọ̀lẹ́

Mo kí gbogbo yín, pàápàá Bàbá. Mo ti rìn ín lónìí. Mo gbé àbúrò mi dání kó lè máa bá mi kọ ọ́ sílẹ̀.

Páálí tí mo tẹ́ mọ́jú: kò sí ẹ̀kán epo kan lórí rẹ̀. Ó kú ní nǹkan bíi kìlómítà márùn-ún lẹ́yìn Ọ̀dẹ́da. Mo ṣí ìdérí tánkì: kò dún fíìì, kò dún rárá. Mo yọ fíltà afẹ́fẹ́, mo fa irin iná. Páìpù idẹ yẹn gbẹ bí ẹnu aláàwẹ̀. Mo fà á lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀kán kan ò jáde. Mo fi àkísà olómi tútù wé pọ́ǹpù, mo dúró ìṣẹ́jú mẹ́ta, kò jí. Àbúrò mi wá yí kọ́kọ́rọ́, mo gbé wáyà sún mọ́ irin, ó ta iná búlúù, ó dún pá, ó sì gbọ̀n mí lọ́wọ́ díẹ̀ (pílásì mi ò ní rọ́bà tó bí mo ṣe rò).

Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 17 ó jí fúnra rẹ̀.

Rewayà_Òṣogbo · Ìṣẹ́gun, 6:45 ìrọ̀lẹ́

Ó dáa. Mo gbà pé epo ni tòní. Ẹ ra pílásì gidi.

Ọmọ_Bàhíà · Ìṣẹ́gun, 9:10 alẹ́

Ẹ jẹ́ kí n dá tèmi sí i láti Salvador. Èdè Yorùbá ni mo ń kọ́ wọn níbí, àmọ́ onílé mi ní Fusca, orúkọ tí wọ́n ń pe Ìjàpá nìyẹn ní Bràsíl. Wọ́n ṣe é dé 1986, wọ́n dáwọ́ dúró, ààrẹ ìgbà náà, Itamar Franco, ní kí wọ́n tún máa ṣe é, ni wọ́n bá tún ṣe é láti 1993 títí di 1996. Nítorí náà ẹ̀yà ara rẹ̀ pọ̀ níbí bí ilẹ̀. Ìbátan ni ọkọ̀ ibí àti ti Ọ̀jọ́: ẹ̀yin àgbà á rántí Igala, Brasília ti ibí ni wọ́n tò l'Ékòó tí wọ́n fún lórúkọ yẹn.

Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé pọ́ǹpù Ìjàpá pín sí méjì. Ti ẹ́ńjìnì oní-dáínámò dúró ṣánṣán. Ti oní-ọ́tánétọ̀ fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó má baà gbá ọ́tánétọ̀. Ọ̀pá irin tó ń tì wọ́n láti inú ẹ́ńjìnì kò gùn bákan náà: 108 mílímítà ni ti àkọ́kọ́, 100 ni ti èkejì. Tí mẹkáníìkì bá ra pọ́ǹpù kan tó sì fi ọ̀pá èkejì sílẹ̀ nínú rẹ̀, ọ̀pá kúkúrú á máa ti pọ́ǹpù lókèlókè, epo tí kò tó ni yóò máa wá. Ọ̀pá gígùn nínú pọ́ǹpù kejì á fọ́ ọ. Ẹ ní wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ pọ́ǹpù, àbí? Ẹ fa ọ̀pá náà yọ, kẹ́ ẹ fi rúlà wọ̀n ọ́n.

Bàbá_Káburétọ̀ · Ìṣẹ́gun, 9:34 alẹ́

Ọ̀rọ̀ gidi lèyí. Kó o tó yọ ọ̀pá, yí ẹ́ńjìnì lọ́wọ́ títí ọ̀pá á fi yọ sókè dé òpin. Orí rẹ̀ gbọ́dọ̀ ga tó nǹkan bíi mílímítà 13 sí orí ìjókòó pọ́ǹpù, pẹ̀lú gáàsíkẹ́ẹ̀tì lórí rẹ̀. Mo ti rí ibi tí wọ́n to gáàsíkẹ́ẹ̀tì mẹ́rin léra wọn torí pé ó ń jo ọ́ìlì. Ọ́ìlì ò jo mọ́, epo náà ò sì dé mọ́.

Àmọ́ ó ṣì ń ṣe mí bákan. Pọ́ǹpù àtijọ́ ńkọ́? Ṣé bó ṣe ń kú nìyí kí wọ́n tó pààrọ̀ rẹ̀?

Ọmọ_Ìjàpá76 · Ìṣẹ́gun, 9:50 alẹ́

Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Bákan náà gẹ́lẹ́.

Bàbá_Káburétọ̀ · Ìṣẹ́gun, 9:53 alẹ́

Ẹ gbọ́. Pọ́ǹpù méjì, ìwà kan. Ẹ fi pọ́ǹpù sílẹ̀.

Wọlé_Spare · Ọjọ́rú, 7:30 àárọ̀

Bàbá, ẹ má bínú. Kí ló dé tí kò kàn fi pọ́ǹpù oníná sí i, ti àwọn ọkọ̀ tuntun? Á fa epo láti ọ̀run.

Bàbá_Káburétọ̀ · Ọjọ́rú, 8:05 àárọ̀

Á sì dà á sórí ẹ́ńjìnì tó gbóná. Káburétọ̀ Solex yẹn, agbára tó lè gbà ò ju pọ́ǹdì 3 sí 4 lọ. Pọ́ǹpù ọkọ̀ tí kò ní káburétọ̀ ń tì ju 40 lọ. Abẹ́rẹ́ tó ń dí ẹnu ọ̀nà káburétọ̀ ò lè dá a dúró, epo á kún, á ṣàn. Ìyẹn nìkan kọ́: tí ọkọ̀ bá forí gbá nǹkan, ẹ́ńjìnì kú, pọ́ǹpù orí ẹ́ńjìnì kú pẹ̀lú rẹ̀. Pọ́ǹpù oníná ò mọ̀ pé ìjàǹbá ṣẹlẹ̀. Á máa fa epo lọ.

Ìyá_504 · Ọjọ́rú, 8:40 àárọ̀

Bàbá, mo bọ̀wọ̀ fún yín, àmọ́ èmi ń lo oníná láti ọdún mẹ́fà. Ti káburétọ̀ wà lọ́jà, èyí tí kò tì ju bó ṣe yẹ lọ. Rewayà mi sì so ó mọ́ iná ọ́ìlì, tí ẹ́ńjìnì bá ti kú, pọ́ǹpù á kú. Kò burú tí wọ́n bá ṣe é dáadáa.

Bàbá_Káburétọ̀ · Ọjọ́rú, 8:52 àárọ̀

Tí wọ́n bá ṣe é dáadáa. Gbólóhùn yẹn ló ń sin èèyàn. Àmọ́ mo gbọ́, Ìyá. Tó o bá lo èyí tó o sọ yẹn, mi ò jà. Síbẹ̀ pọ́ǹpù tó lágbára jù yóò kàn fi ohun tó dínà pamọ́ ni, kò ní mú un kúrò.

Ọmọ mi, jẹ́ ká pín ọkọ̀ yẹn sí méjì. Má gbé e rìn, jẹ́ kó dúró sójú kan nínú ọgbà, níta gbangba. Ọjọ́ kìíní, fi epo tánkì ṣiṣẹ́, gbé iná sókè díẹ̀ kó máa sáré jẹ́jẹ́, kó o máa wo aago. Nígbà tó bá kú, kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, jẹ́ kó tutù, yọ rọ́bà tó wọ pọ́ǹpù, fi igi tó mọ́ dí ẹnu èyí tó ń bọ̀ láti tánkì, kó o fi rọ́bà mìíràn fa epo láti inú kẹ́ẹ̀gì lítà márùn-ún tó jìnnà sí ẹ́ńjìnì, lórí ilẹ̀. Pọ́ǹpù tó yè á fà á gòkè. Gbé iná sókè bíi ti àkọ́kọ́. Tó bá tún kú, ọ̀dọ̀ pọ́ǹpù tàbí káburétọ̀ ni. Tó bá ń lọ tí kò kú, iwájú ni ká lọ.

Má ṣe ohun tí àwọn kan ń ṣe, tí wọ́n á so kẹ́ẹ̀gì kọ́ sẹ́yìn ọkọ̀ lókè ẹ́ńjìnì, tí wọ́n á máa rìn lọ sí ìlú kejì. Mo ti rí èyí tó gbiná rí.

Sọlá_Peckham · Ọjọ́rú, 12:15 ọ̀sán

Níbi tí ẹ ti dárúkọ iná: fíltà tuntun yẹn, ibo ni mẹkáníìkì fi sí? Tó bá jẹ́ àárín pọ́ǹpù àti káburétọ̀ lókè ẹ́ńjìnì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e kúrò.

Wọlé_Spare · Ọjọ́rú, 12:22 ọ̀sán

Ibẹ̀ ni gbogbo ayé ń fi sí. Ó rọrùn láti rí i.

Sọlá_Peckham · Ọjọ́rú, 12:58 ọ̀sán

Ó rọrùn láti rí i nígbà tó bá ń jó, lóòótọ́. Páìpù idẹ tí epo ń gbà wọ káburétọ̀ Solex, wọ́n kàn fi agbára tì í bọ inú irin ni, kò ní ẹní, ìyẹn ìlà tí wọ́n fi ń yí nǹkan wọlé bíi ti bóòtì. Lẹ́yìn ogójì ọdún á tú díẹ̀díẹ̀. Tẹ́ ẹ bá wá so fíltà tó wúwo kọ́ sára rọ́bà yẹn, tó ń jì bí ẹ́ńjìnì ṣe ń jì, lọ́jọ́ kan á fa páìpù yọ. Pọ́ǹpù á máa da epo sórí dìsìtìríbútọ̀. Ti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, lójú ọ̀nà nígbà tí òjò ń rọ̀. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́fà, kò sí ọkọ̀ mọ́. Ó fọwọ́ gbé ọmọ rẹ̀ jáde láti ìjókòó ẹ̀yìn, ẹsẹ̀ bàtà kan ló ṣẹ́kù sínú ọkọ̀.

Abẹ́ ọkọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí jíà, ṣáájú pọ́ǹpù ni kẹ́ ẹ fi fíltà sí. Ẹ sì fi ìka mì páìpù idẹ yẹn wò. Tó bá yí, ẹ má gbé ọkọ̀ yẹn jáde.

Bàbá_Káburétọ̀ · Ọjọ́rú, 1:10 ọ̀sán

Ohun tí Sọlá sọ yìí, ẹ kọ ọ́ sára ògiri.

Ọmọ_Ìjàpá76 · Ọjọ́bọ̀, 5:40 ìrọ̀lẹ́

Páìpù idẹ: ó yí. Bí mo ṣe fọwọ́ kàn án ló yí. Ọkàn mi já. Mo ti gbé káburétọ̀ fún ẹni tó lè gbẹ́ ẹní sí i, ó ti dá a padà, ó le dan-in. Àǹtí Sọlá, Ọlọ́run á máa ṣọ́ yín. Fíltà náà ti wà lábẹ́ ọkọ̀ báyìí.

Ìdánwò Bàbá: pẹ̀lú epo tánkì, ó kú ní ìṣẹ́jú 28. Pẹ̀lú epo kẹ́ẹ̀gì, ó ṣiṣẹ́ 50 ìṣẹ́jú, kò wú ikọ́ kan. Èmi ni mo pa á. Ọ̀pá pọ́ǹpù: 108, oní-dáínámò sì ni ẹ́ńjìnì mi. Ó ga ní 13 lé díẹ̀. Pọ́ǹpù ò ní ẹ̀ṣẹ̀ kankan.

Bàbá_Káburétọ̀ · Ọjọ́bọ̀, 6:15 ìrọ̀lẹ́

Iwájú ni. Láàárọ̀ ọ̀la, yọ rọ́bà lábẹ́ tánkì níbi tó ti fẹ́ wọ páìpù irin, jẹ́ kó máa dà sínú garawa. Kò nílò pọ́ǹpù, fúnra rẹ̀ á ṣàn. Má kàn wò ó lẹ́ẹ̀kan kó o dì í padà o. Jẹ́ kó máa ṣàn, kó o tẹjú mọ́ ọn. Kí garawa kejì wà nítòsí, kí iyanrìn wà nítòsí.

Bi ara rẹ léèrè pẹ̀lú: ṣé o ti da epo kẹ́ẹ̀gì sínú tánkì yẹn rí? Tàbí bàbá rẹ?

Ọmọ_Ìjàpá76 · Ẹtì, 11:20 àárọ̀

Bàbá! Ẹ̀yin ará, ẹ wá wo nǹkan.

Mo yọ rọ́bà, epo dà bí omi ẹ̀rọ, ó nípọn tó ìka mi. Mo fẹ́ dì í padà, mo rántí ohun tí Bàbá sọ. Mo lóṣòó síbẹ̀. Nígbà tí garawa tó ìdajì, mo rí i tó ń tínrín. Kò dúró lójijì o. Ó ń tínrín bí òwú tí wọ́n ń ran, ó di ẹ̀kán, ẹ̀kán, ó dúró. Epo sì wà nínú tánkì, mo ń gbọ́ ọ tí mo bá fọwọ́ gbá a. Mo dí ẹnu rọ́bà, mo ka ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo tú u: ó tún dà bí omi ẹ̀rọ.

A fa gbogbo epo, a sọ tánkì kalẹ̀. Mo fi tọ́ọ̀ṣì wo inú rẹ̀. Ọ̀rá ni. Ìlàjì ọ̀rá píọ̀wọ́tà, tó tẹ́ sílẹ̀ nísàlẹ̀, ní ẹ̀gbẹ́ ojú ihò. Àwọ̀ búlúù ara rẹ̀ ti ṣí tán, lẹ́tà méjì ló kù. Bí epo bá ń ṣàn, á fa ọ̀rá náà lọ bo ojú ihò bí àtẹ́lẹwọ́. Bí epo bá dúró, á tú sílẹ̀, á padà sùn.

Nígbà ọ̀wọ́n epo, ọ̀dọ̀ àwọn ọmọkùnrin ojú ọ̀nà ni mo ti ń rà á. Ẹ mọ̀ bí wọ́n ṣe máa ń fi ọ̀rá dí ẹnu kẹ́ẹ̀gì. Ọ̀kan ti bá epo wọlé, mi ò mọ̀. Mẹkáníìkì mi wò ó, kò sọ̀rọ̀. Ó kàn ká a, ó fi sápò.

Ìyá_504 · Ẹtì, 11:31 àárọ̀

Yéè! Ọ̀rá omi!

Ọmọ_Bàhíà · Ẹtì, 12:04 ọ̀sán

Mo ti sọ fún onílé mi. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní bébà tí wọ́n fi di ṣúgà lòun yọ nínú tòun.

Bàbá_Káburétọ̀ · Ẹtì, 12:40 ọ̀sán

Asẹ́ ńkọ́? Ihò ìdí tánkì Ìjàpá ní asẹ́ kékeré onírin tó dúró sókè nínú epo. Tí asẹ́ bá wà níbẹ̀, ọ̀rá ò lè dí i tán bẹ́ẹ̀ yẹn.

Ọmọ_Ìjàpá76 · Ẹtì, 12:55 ọ̀sán

Kò sí asẹ́ rárá, Bàbá. Nọ́ọ̀tì wà, inú rẹ̀ ṣófo. Ìpẹtà náà wà nísàlẹ̀ tánkì, ó tó ṣíbí méjì.

Bàbá_Káburétọ̀ · Ẹtì, 1:08 ọ̀sán

Ẹnìkan ti yọ ọ́ sẹ́yìn torí pé ó ń dí. Wọ́n pa ọlọ́dẹ kí olè lè rọ́nà. Wá asẹ́ tuntun. Kó o tó gbé tánkì padà, da òkúta wẹ́wẹ́ àti omi ọṣẹ sí i, kí ẹ̀yin méjì gbé e, kẹ́ ẹ máa mì ín títí omi á fi pọ́n. Dà á nù, tún un ṣe, lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́ẹ̀mẹrin. Kó gbẹ sínú oòrùn ọjọ́ méjì, kó má ku omi ẹyọ kan. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé iná wẹ́dà sún mọ́ ọn, bó ti wù kó ṣófo tó. Tánkì tó ṣófo ló ń pa wẹ́dà.

Pààrọ̀ rọ́bà méjèèjì níwọ̀n ìgbà tó o ti wà níbẹ̀. Pọ́ǹpù bàbá rẹ tí wọ́n yọ sọnù, ṣé ó ṣì wà?

Ọmọ_Ìjàpá76 · Ẹtì, 1:15 ọ̀sán

Ó wà nínú páálí ní ṣọ́ọ̀bù. Mo ti ní kó gbé e wá.

Wọlé_Spare · Ẹtì, 1:20 ọ̀sán

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ta tuntun yẹn, ẹ pè mí.

Rewayà_Òṣogbo · Ẹtì, 2:02 ọ̀sán

Ẹ kú oríire. Àmọ́ ẹ fọwọ́ kan kọ́ìlì yẹn lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá dé Ìbàdàn. Tí kò bá ṣeé fọwọ́ gbá mú, èmi ti sọ tèmi o.